Èdè Tí A Bí Wọn Sí: Olùṣọ́-Àgùntàn àti Àwọn Ọmọ Wa Tó Dàgbà sí Ìlú Ọba

Ní ọdún kejì tí mo fi ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wá sí ọ́fíìsì mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kí n gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún un. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ àròkọ nípa ibi tí wọ́n ti wá, ọmọ òun sì kọ ọ́ pé Peckham lòun ti wá. "Pásítọ̀, mo bá a wí nílé, ó ní òun kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ẹ̀mí òyìnbó ti wọ ọmọ mi lára." Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ó dorí kodò, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo fi Yorùbá gbàdúrà kíkankíkan, mo sì pàṣẹ fún ẹ̀mí náà pé kó jáde.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni mo lé jáde? Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò tíì dé Nàìjíríà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ó sọ pé Lọ́ńdọ̀nù lòun ti wá. Irọ́ wo ló pa?

Mo kọ àpilẹ̀kọ yìí fún ẹ̀yin tí a ó gbé ọwọ́ lé lórí fún iṣẹ́ òjíṣẹ́, àti ẹ̀yin pásítọ̀ tí lẹ́tà lè bá lọ́jọ́ kan pé òkè òkun ni wọ́n ń rán yín lọ. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn díẹ̀ ni. Ètò ìkànìyàn ọdún 2011 ka nǹkan bí 191,000 èèyàn tí a bí sí Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé ní Íńgíláǹdì àti Wales. Ti ọdún 2021 ka nǹkan bí 270,000. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò sí nínú iye yẹn, àwọn gan-an la sì ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ní ti ìjọ, ọdún 1964 ni Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fi máa di ọdún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ 240 tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, ní agbègbè Southwark nìkan, èyí tí Peckham jẹ́ ara rẹ̀. Ibi tí ìjọ pọ̀ tó báyìí, ohun tí pásítọ̀ bá sọ fún òbí lórí ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n máa ń ṣe é.

Ìṣòro tiwa ni pé a máa ń so nǹkan mẹ́ta pọ̀ bí ìtí igi: ìwé tó sọ ọmọ di ọmọ ìlú, ogún tó jẹ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Olúwa. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, a ó pariwo pé gbogbo rẹ̀ ti tú. Ìyá yẹn gbọ́ "mi ò kì í ṣe ọmọ Yorùbá", ohun tó wọ̀ ọ́ létí ni "mi ò sin Ọlọ́run yín mọ́". Ọmọ náà ò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ páálí

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìwé bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn wa níbẹ̀ ń pè ní páálí, nítorí pé ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣìṣe.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọmọ tí a bá ti bí sí Ìlú Ọba ti di ọmọ ìlú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1983, nígbà tí òfin ọdún 1981 lórí jíjẹ́ ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bíbí nìkan kò tó mọ́. Ó di dandan kí òbí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí kó ti gba àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Bí òbí bá rí àṣẹ yẹn gbà lẹ́yìn ìbí ọmọ, wọ́n lè forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ kó tó pé ọdún 18. Ọ̀nà mìíràn tún wà: ọmọ tí a bí síbẹ̀, tó sì lo ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ bí òbí rẹ̀ kò tilẹ̀ ní páálí kankan. Kìkì pé kò gbọ́dọ̀ ti jáde kúrò ní ìlú náà ju 90 ọjọ́ lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọdún 10 ọ̀hún, àyàfi bí ìjọba bá gbójú fò ó. Ní ọdún 2024, owó ìforúkọsílẹ̀ ju £1,000 lọ. Láti ọdún 2022, òbí tí kò bá lágbára rẹ̀ lè kọ̀wé kí wọ́n yọ̀ǹda owó náà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ ó rí àwọn ọmọ nínú ìjọ yín tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pariwo lórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́gbẹ́ àdúgbò wọn, tí wọn ò sì kì í ṣe ọmọ ìlú náà lójú òfin. Wọn kì í mọ̀. Ó máa ń hàn sí wọn nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kó wọn lọ sí Faransé, tàbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yáwó ìjọba láti fi wọ yunifásítì. Ní ti Nàìjíríà, Òfin Orílẹ̀-Èdè ọdún 1999 sọ pé ọmọ tí a bí sí òkèèrè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí, bí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Òfin kan náà gbà kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ di ọmọ ìlú mìíràn láìpàdánù ti Nàìjíríà. Ìyẹn ni pé ọmọ tó kọ Peckham sínú àròkọ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni lójú òfin, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Àdúrà kò ṣe é, àròkọ kò sì lè bà á jẹ́.

Àṣìṣe mi nìyí. Ìyá mìíràn wá bá mi nípa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ń fèsì sí i bó bá bá a wí. Mo sọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa sọ: "Ẹ gbé e lọ bá ìyá àgbà ní Ìbàdàn, kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé." Mo tilẹ̀ fi Hánà àti Sámúẹ́lì gbè é lẹ́sẹ̀. Mi ò béèrè páálí rẹ̀. Obìnrin náà kò tíì gba àṣẹ ìgbé nígbà náà, ọmọ sì ku ọdún méjì kó pé ọdún 10. Ó gbé e lọ sílé. Ẹ̀tọ́ tí ọmọ yẹn ì bá ní lórí ara rẹ̀, láìdúró de ìwé ẹnikẹ́ni, ọwọ́ mi ló bọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un padà, wọ́n ní kó gba físà wọ ìlú tí wọ́n bí i sí. Ọdún méjì tí a dá di ọdún márùn-ún. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé lóòótọ́, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ lọ, ṣùgbọ́n kì í bá mi sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè páálí kí ẹ tó gba òbí nímọ̀ràn. Bí kò bá yé yín, ẹ rán wọn lọ sọ́dọ̀ amòfin tó mọ̀ nípa rẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn Ẹ̀mí kan tó rọ́pò ìyẹn.

Àwọn ìdílé wa ti gba ọ̀nà òdìkejì rí pẹ̀lú, ìtàn náà sì yẹ kí pásítọ̀ mọ̀, torí pé àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàárín àwọn àgbà ìjọ wa lónìí. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tó wà ní Ìlú Ọba ló gbé ọmọ wọn fún ìdílé aláwọ̀ funfun ní Kent, Essex, Sussex àti ibòmíràn, kí wọ́n bá wọn tọ́ ọ. Inú ìwé ìròyìn bíi Nursery World ni wọ́n ti ń polówó wá alágbàtọ́. Kì í ṣe ìkà ló mú wọn ṣe é. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lójú mọmọ, ìwé ni wọ́n ń kà lóru, èrò wọn sì ni pé bí ìwé ẹ̀rí bá ti jáde, gbogbo wọn á jọ padà sílé. Àwọn kan nínú ọmọ wọ̀nyí rí ìfẹ́ gbà, àwọn kan jìyà. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù tó ń jẹ́ Farming: wọ́n gbé e fún alágbàtọ́ ní Tilbury nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ó sì dé ibi pé nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra aláwọ̀ dúdú ló ń bá rìn. Bí ẹ bá rí àgbà kan nínú ìjọ yín tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá gidi, tí kò gbọ́ Yorùbá kan ṣoṣo, tó sì máa ń jáde nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìdúpẹ́ Ọjọ́ Ìyá, ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́.

Orúkọ méjì

Ohun kejì tó máa ń ba òbí nínú jẹ́ ni orúkọ. Túndé nílé, Tony ní ilé ẹ̀kọ́. Oníwàásù kan wà tó máa ń sọ pé ẹni tó bá yí orúkọ rẹ̀ padà ti ta ogún rẹ̀ bíi Ísọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo Ìwé Mímọ́ dáadáa.

Àwa oníwàásù fẹ́ràn láti máa sọ pé Ọlọ́run yí orúkọ Sọ́ọ̀lù padà sí Pọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà Dámásíkù. Ẹ wá a nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 9, ẹ ò ní rí i. Sọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣì ń pè é nígbà tí Ananíà wá gbé ọwọ́ lé e, Sọ́ọ̀lù náà ló ṣì ń jẹ́ nígbà tí ìjọ Áńtíókù yà á sọ́tọ̀. Orí 13, ẹsẹ 9, ní erékùṣù Kípírù, ni Lúùkù ti sọ fún wa, bí ẹni ń sọ nǹkan kékeré, pé ọkùnrin náà tún ń jẹ́ Pọ́ọ̀lù. Orúkọ méjì ló ní. Ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìta. Ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ sì yí sọ́dọ̀ àwọn ará ìta ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ ìta pè é.

Ẹ tún wo Pọ́ọ̀lù kan náà nínú orí 21 àti 22. Tásù ni wọ́n bí i sí, ìlú àjèjì. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù gbá a mú, ó fi Gíríìkì bá olórí ogun sọ̀rọ̀, ẹnu ya ìyẹn. Ó yíjú sí ogunlọ́gọ̀, ó fi èdè Hébérù bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n pa rọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án, ó fa páálí yọ: ọmọ ìlú Róòmù ni òun. Olórí ogun ní owó ńlá ni òun fi ra ti òun. Pọ́ọ̀lù ní wọ́n bí òun mọ́ ọn ni. Nínú ìdààmú kan ṣoṣo yìí, ó lo èdè méjì àti ìwé kan, kò sì sí ibi tó ti sẹ́ Jésù tàbí ìran Bẹ́ńjámínì.

Ti Dáníẹ́lì tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Orúkọ rẹ̀ ń sọ pé Ọlọ́run ni onídàájọ́ òun. Wọ́n fún un ní Beliteṣásárì, orúkọ tí Nebukadinésárì fúnra rẹ̀ so mọ́ òrìṣà rẹ̀ nínú orí 4. Dáníẹ́lì jẹ́ orúkọ náà. Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará Kálídéà, ó kàwé náà yege. Oúnjẹ ọba ló kọ̀. Ibẹ̀ ló fàlà sí, ní ibi ìjọsìn, kì í ṣe ní ibi orúkọ. Ìwé rẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ ní Hébérù, ó bọ́ sí Árámáíkì ní orí 2 ẹsẹ 4, kò sì padà sí Hébérù títí orí 7 fi parí. Ta ló tún kọ́ tẹ́ńpìlì lẹ́yìn ìgbèkùn? Serubábélì, ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé irú-ọmọ Bábílónì ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣí Nehemáyà orí 13 sílẹ̀ báyìí láti fi dá mi lóhùn. Èmi náà ti wàásù rẹ̀ rí, ìjọ sì hó. Ìdajì àwọn ọmọ náà ń sọ èdè Áṣídódù, wọn ò gbọ́ èdè àwọn Júù, Nehemáyà sì gbá àwọn kan nínú bàbá wọn, ó fa irun wọn tu. Ẹ kíyè sí i pé àwọn bàbá ló lù. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé àpẹẹrẹ tó mú wá kò kan èdè rárá: Sólómọ́nì ni, tí àwọn àjèjì obìnrin fà sínú ẹ̀ṣẹ̀. Èdè ṣe pàtàkì nítorí pé òun ni wọ́n fi ń ka Òfin. Nínú orí 8, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni Ẹ́sírà fi kà á, tí àwọn ọmọ Léfì sì ń ṣàlàyé kó lè yé àwọn èèyàn. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà kò lè gbọ́ Òfin. Nítorí náà, ìbéèrè Nehemáyà fún ìjọ Peckham ni pé, èdè wo ni ọmọ yìí fi lè gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kó yé e? Ní ìjọ wa nígbà náà, ìsìn wákàtí mẹ́ta lédè Yorùbá, tí ògbufọ̀ ń sáré lé mi lẹ́yìn, àwa la ń sọ èdè Áṣídódù sí i.

Freetown

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ogún tí à ń jà fún yìí. Ní ọdún 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Wọ́n rì í bọmi ní 1825, ó sì gba orúkọ òyìnbó: Samuel Crowther. Àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ kò wá gẹ́gẹ́ bí "ọmọ Yorùbá". Ọ̀yọ́ ni wọ́n, Ẹ̀gbá ni wọ́n, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú. Orúkọ náà "Yorùbá", ti àwọn Ọ̀yọ́ ló jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ará ìlú Freetown gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, "ẹ kú, ẹ kú", ni wọ́n bá sọ gbogbo wọn lórúkọ kan: Akú. Ìlú àjèjì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ẹnì kan làwọn.

Níbẹ̀ náà ni iṣẹ́ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde ní 1843. Ní oṣù Kìíní 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ọdún 1846 ló tó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bíbélì tí ìyá ọmọ yẹn gbé lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì mi, èyí tó kà sí ogún ìdílé rẹ̀, àwọn aṣíkiri àti ọmọ wọn lọ́wọ́ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wọn sì ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó.

Nígbà tó yá, àwọn kan ju orúkọ bẹ́ẹ̀ nù. David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi ní Èkó, di Mojọlá Agbébí ní 1894. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Agbébí jẹ́ Yorùbá, Crowther kò jẹ́ ẹ.

Àwọn opó tí a gbàgbé

Nísinsìnyí mo dé ibi tí mo ń lọ. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń ka Ìṣe orí 2 fún iná àti ahọ́n, a kì í sì í dúró ti àwọn tó gbọ́ ọ. Lúùkù sọ pé Júù olùfọkànsìn ni wọ́n, tí wọ́n ń gbé Jerúsálẹ́mù, láti orílẹ̀-èdè gbogbo: Pátíà, Médíà, Élámù, Íjíbítì, Róòmù. Lédè mìíràn, ọmọ àwọn tó ṣí lọ ni wọ́n, wọ́n ti padà wálé. Bí ibì kan bá wà tó yẹ kí Ọlọ́run ti sọ fún irú wọn pé "ẹ lọ kọ́ èdè baba yín", Jerúsálẹ́mù ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu yà wọ́n pé èdè ibi tí a bí wọn sí ni wọ́n ń gbọ́. Fún ọmọ tí a bí sí Peckham, ẹ̀yin náà mọ èdè tí ìyẹn jẹ́.

Ìṣe orí 6 ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kà. Àwọn Júù tó ń sọ Gíríìkì ń kùn sí àwọn Hébérù pé a kò ka àwọn opó wọn sí nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ Júù àtìpó ló ti gbàgbé Hébérù nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi túmọ̀ Òfin sí Gíríìkì ní Alẹkisáńdíríà, ó lé ní igba ọdún kí a tó bí Olúwa wa. Wọ́n ní sínágọ́gù tiwọn ní Jerúsálẹ́mù gan-an. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú òkúta kan jáde níbẹ̀ tí wọ́n kọ Gíríìkì sí, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Theodotos fi sọ pé òun kọ́ sínágọ́gù fún kíka Òfin, pẹ̀lú yàrá àlejò fún àwọn tó ti òkèèrè wá. Ẹ rí i pé ìjọ àwọn tó ń sọ èdè mìíràn kì í ṣe nǹkan tuntun.

Kí ni àwọn àpọ́sítélì ṣe? Wọn kò ní kí àwọn opó lọ kọ́ Árámáíkì. Wọn kò yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, wọ́n sì gbé tábìlì náà lé wọn lọ́wọ́. Sítéfánù, Fílípì, Pírókórù, Níkánórì, Tímónì, Pámẹ́nà, Níkólà: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Orúkọ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí tó dúró gbọn-in, nítorí àwọn méjìlá náà ní Áńdérù àti Fílípì tiwọn. Ṣùgbọ́n méje nínú méje, tí Níkólà sì jẹ́ ará Áńtíókù tó yí sí ẹ̀sìn Júù, ó ṣòro láti pè é ní èèṣì. Ìhà tó ń kùn ni wọ́n fi àṣẹ àti owó lé lọ́wọ́. Ẹ sì wo ohun tó tẹ̀ lé e. Fílípì gbé ìhìnrere dé Samáríà àti sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ará Etiópíà. Nínú orí 11, àwọn ará Kípírù àti Kírénè, tí orúkọ wọn kò tilẹ̀ hàn, ni wọ́n bá àwọn Gíríìkì ní Áńtíókù sọ̀rọ̀ Jésù. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjìlá tó dá ìjọ yẹn sílẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú wa níhìn-ín. Yorùbá ni Josiah Akíndayọ̀mí, tó dá Ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní 1952, fi ń wàásù. Ọ̀kan nínú àwọn ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ìwàásù rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni E. A. Adéboyè, òun ló sì gba ipò rẹ̀ ní 1981. Ẹni tó dúró láàárín èdè méjì ni wọ́n fi ìjọ lé lọ́wọ́.

Nínú ìjọ tiwa, ohun tí a ń pè ní "iṣẹ́ ọ̀dọ́" ni pé kí wọ́n kọrin fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní Sunday kẹta, kí a pàtẹ́wọ́, kí wọ́n jókòó. Ìyẹn kọ́ ni Ìṣe orí 6. Ó gbà mí lọ́dún mẹ́ta kí n tó lè gbà bẹ́ẹ̀. A fi ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Sunday méjì lóṣù fún àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, wọ́n ń ṣètò rẹ̀, wọ́n ń wàásù nínú rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi méjì nínú wọn sí ìgbìmọ̀ ìnáwó. Ti owó yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Àgbà mẹ́ta fi ìjọ sílẹ̀, ọ̀kan padà wá. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbòòrò, àwọn ìyá àgbà wa tó wá bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó di àwọn opó tí a gbàgbé nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Pásítọ̀, mo wá gbọ́ Ọ̀rọ̀, ẹnu ni mo ń wò." A dá àdúrà ọjọ́ Wednesday padà sí Yorùbá pátápátá, a sì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Yorùbá ní Saturday. Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Jàmáíkà wá, tó ń fẹ́ ọmọ ìjọ wa. Àwọn ọmọ tiwa máa ń pẹ́ dé. Àwọn kan wá, àwọn kan ò wá. A ò fi ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn, ìyẹn sì mú kí àwọn tó ń wá máa wá pẹ̀lú ayọ̀.

Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Ó pẹ́ kí n tó rántí ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà tí mi ò kà sí. Ní ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, bí olùkọ́ bá ń bá ọmọ wí, wọ́n á ní kó wo òun lójú. Ọmọ tó bá wolẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aláìgbọràn. Ọmọ yìí wolẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń sọ pé kì í ṣe Yorùbá mọ́. Ìwà ọmọ Yorùbá níwájú àgbà ló ń hù níwájú wa, kò sì sẹ́ni tó rí i nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, òun ni ọ̀kan nínú àwọn méjì tí a fi sí ìgbìmọ̀ ìnáwó. Mo pè é sí ọ́fíìsì kan náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún àdúrà ọjọ́ yẹn. Ó ronú díẹ̀ kó tó rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. "Kò burú, Daddy," ó ní. "Mi ò gbọ́ nǹkan tí ẹ ń sọ nígbà yẹn. Mo rò pé ìdánwò mi lẹ ń gbàdúrà fún ni."